Bí a ṣe ń fi etí yẹ ampilifáyà tòkunbọ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ìbáà ṣe ní Lágere tàbí Sábó, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe fún oníbàárà. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “Loudness” sí, wọ́n á yí béèsì dé òpin, wọ́n á wá gbé fólúùmù sókè títí gíláàsì ojú fèrèsé á fi máa gbọ̀n. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ?” Ta ni kò ní gbọ́! Ṣùgbọ́n ariwo lẹ gbọ́ yẹn, ẹ ò tíì gbọ́ ampilifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára kó tó dé sípíkà. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ méjì síwájú ẹnikẹ́ni, tí ọ̀kan fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ, èyí tó pariwo yẹn ló máa pè ní ojúlówó, kò sì ní mọ̀ pé ariwo ló tan òun. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ rajà ni pé kó kọ́kọ́ mú ohun tó ń tan etí kúrò, kó tó wá jókòó gbọ́.

Ẹ mú mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò dání. Kò wọ́n, ó sì máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ iná, ẹ yí ẹ̀rọ náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan nílé wọn, 100 fóòtì ló ń jẹ. Ti Amẹ́ríkà, 120. Iná tiwa, 230 ni. Ẹ̀rọ 100 fóòtì tí ẹ bá ki bọ ògiri wa tààrà, bí orí bá ṣe é, fíúùsì rẹ̀ ló máa já; bí orí ò bá ṣe é, transfọ́mà inú rẹ̀ á rùn fìn-ìn, ọjà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan ní ibi tí a ti lè yí i sí 220 tàbí 240. Èyí tí kò bá ní, ẹ ó ra transfọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ fẹ́ ná.

Ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n ń kọ iye wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ ń fà lára iná sí. Irọ́ pọ̀ níwájú, òótọ́ wà lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n kọ “1000W PMPO” (iye ìpolówó lásán) gàdàgbà sí níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 60 wọ́ọ̀tì lòun ń fà, ibo ló ti rí 940 tó kù? Iye tí wọ́n bá kọ “RMS” sí lára, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wọ́ọ̀tì gba owó ńlá lọ́wọ́ yín. Láti 50 wọ́ọ̀tì sí 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló fi yàtọ̀, ìyẹn ò ju kéèyàn yí fólúùmù díẹ̀. Kó tó lè pariwo ní ìlọ́po méjì létí yín, agbára ọ̀hún ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní páálọ̀ tó mọ níwọ̀n, bí orin bá ń lọ tí ẹ sì tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín, ẹ̀rọ náà lè má tíì lo wọ́ọ̀tì kan tán.

Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tí kò kọrin

Ẹ tan ẹ̀rọ náà láì so sípíkà mọ́ ọn, kí fólúùmù wà nílẹ̀ pátápátá. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó gbọ́ “kẹ́” kan nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo sípíkà, ó ń ṣílẹ̀kùn. Èyí tó yẹ kó ké “kẹ́” tí kò ké, nǹkan ń ṣe é nínú.

Ẹ yí mítà sí DC, irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ojú ibi tí à ń so sípíkà sí, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ẹ ṣọ́ra kí ẹnu méjèèjì má kan ara wọn o. Bí ohun tó kọ kò bá ju 50 mílífóòtì (mV, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni fóòtì kan) lọ, ara ẹ̀rọ yá. Bó bá ti kọjá 100, ẹ béèrè ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Bó bá wá lọ di fóòtì gidi, 3, 10, ẹ pa á, ẹ má so ohunkóhun mọ́ ọn, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ kì í kọrin. Wáyà tó wà nínú sípíkà ló máa ń yan títí á fi jóná.

Bí ìyẹn bá yọrí sí rere, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ so sípíkà mọ́ ọn, ẹ tún un tàn, kí orin má tíì wà. Ẹ gbé etí sún mọ́ sípíkà kékeré tòkè. “Ṣììì” tín-ín-rín tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, kò burú. “Hùùù” ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ yọ gbogbo wáyà tó ti ọ̀dọ̀ fóònù tàbí síídì wọlé. Bí “hùùù” bá dákẹ́, wáyà náà tàbí ẹ̀rọ tó ti wá ló lẹ̀bi. Bí kò bá dákẹ́, tí fólúùmù sì wà nílẹ̀, inú ampilifáyà fúnra rẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kàpásítọ̀ ńlá tó ń tún iná ṣe ló ti gbẹ. Àtúnṣe wà fún un, ṣùgbọ́n kí owó àtúnṣe ti kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ẹ wá yí fólúùmù lọ-bọ̀. Bó bá ń ké “ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀”, eruku ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́, súpíréè tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń lò á fọ̀ ọ́. Kò yẹ kéèyàn torí ìyẹn fi ọjà sílẹ̀, àmọ́ ó dáa láti fi ná an.

Páálọ̀ àti iná

Ìdánwò gidi kò ṣeé ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bẹ ọlọ́jà kó jẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé. Nílé náà, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín páálọ̀. Bí “pà” yẹn bá ń han padà lára táìlì àti ògiri sìmẹ́ǹtì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ fa kọ́tìnì tó nípọn, kódà mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ bá gbé ti ògiri ẹ̀yìn yín á ṣiṣẹ́. Ẹ gbé sípíkà méjèèjì sí ọ̀nà tí àwọn àti orí yín á fi di igun mẹ́ta tó dọ́gba, kí sípíkà kékeré òkè wà ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó. Wáyà pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá dorí ẹ̀gbẹ́ kan kodò, béèsì á sá lọ, ohùn akọrin kò sì ní mọ ibi tí yóò dúró. Ọ̀pọ̀ ampilifáyà ni wọ́n ti bú nítorí èyí nìkan.

Ẹ yí mítà sí AC, irú iná tó wà nínú ògiri, ẹ fi wo iná ilé. Bó bá já sí 165 fóòtì lálẹ́, agbára ampilifáyà àtijọ́ tó ń lo transfọ́mà ńlá á kù sí bí ìdajì, orin á sì tètè máa fọ́. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ náà. Bákan náà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti òjò lórí páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ ohun wẹ́wẹ́. Ìdájí dára jù lọ.

Ẹ mú ohùn wọn dọ́gba

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ méjì lẹ fẹ́ fi wéra, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ tẹ “Loudness” kúrò. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì yẹn nítorí pé etí wa kì í gbọ́ béèsì dáadáa bí orin bá lọ sílẹ̀. Ó ní ìwúlò tirẹ̀ lóru, kì í ṣe nígbà ìdánwò. Ẹ dá béèsì àti tírẹ́bù sí àárín. Ẹ wá fi fóònù lu ohùn kan ṣoṣo tó dúró sójú kan, 200 háàtì (Hz). Áàpù tó ń ṣe é pọ̀. Ẹ yí mítà sí AC, ẹ fi kan ojú sípíkà, kí ẹ yí fólúùmù títí á fi kọ 2.00 fóòtì. Lórí sípíkà 8 óòmù, ìdajì wọ́ọ̀tì nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì. Bí ìkan bá kọ 2.00 tí èkejì kọ 2.02, ó ti tó. Ẹ fi nǹkan sàmì sí ojú fólúùmù méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyá ìlù ni adájọ́

Ẹ má fi orin tó jẹ́ béèsì nìkan dán an wò, kò sí ẹ̀rọ tí kò lè ṣe “gbì”. Ẹ wá jùjú tàbí àwo orin mìíràn tí wọ́n ti lu dùndún, tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa, lórí síídì tàbí fáìlì tí wọn ò fún pọ̀. Èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò wúlò. Rédíò náà kò tó, torí FM kì í gbé ohùn tó bá ga kọjá 15 kìlóháàtì, ì báà ṣe Great FM inú OAU tàbí èyíkéyìí. Wáyà ni kí ẹ fi so fóònù mọ́ ọn, ẹ fi Bluetooth sílẹ̀.

Ẹ di ojú. Ẹ tẹ́tí sí bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń ba awọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, kó yá, kó má ṣe dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo ojú ìlù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé ohùn rẹ̀ bí onílù ṣe ń fún ọsán tó sì ń dẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ẹ gbọ́ yíyọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, débi pé ẹni tó gbọ́ ìlù á mọ oríkì tí wọ́n ń kì. Ẹ wá wá ṣaworo tó yí etí ìyá ìlù ká. Nínú ìró tó mọ́, ṣaworo á máa ṣẹ́ wìnnìwìnnì lẹ́yìn ìlù, ọ̀tọ̀ ni sẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohùn àwọn elégbè. Bí gbogbo wọn bá dà pọ̀ di “ṣáá” kan, ẹ sàmì sí i. Ẹni tó bá ti dúró ní Ẹnuwà lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, tàbí tí onílù ti kì nítòsí níbi ìnáwó, ti ní ìwọ̀n lórí. Kò nílò ìwé kankan.

Ẹ wá sọ orin kalẹ̀ gidigidi. Ohùn akọrin gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Bó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, fólúùmù ti jẹ níkùn. Bí ohùn bá ń ha, tó ń gé wẹ́wẹ́ nígbà tí orin rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tó dára nígbà tó ga, àtúntò ló ń fẹ́ nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sókè ju bí ẹ ṣe máa ń gbọ́ lọ. Ibi tí ìlù bá ti ń dún pẹrẹsẹ, tí akọrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, agbára rẹ̀ ti tán níbẹ̀.

Fún ìfiwéra, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa pààrọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́yìn yín, kó má sọ èyí tó ń kọrin, kó sì yá ọwọ́ níbẹ̀, torí etí kì í pẹ́ gbàgbé. Kó máa pa ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan wáyà sípíkà. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀: ó mọ́ ketekete, ó ń han gooro, ó ń dún bí agolo. Ẹ má wo orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kó má sí ìyàtọ̀ kankan nínú ìwé yín, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ampilifáyà méjì tí ara wọn dá, tí a ò lò kọjá agbára wọn, sábà máa ń jọra ju bí àwọn tó ń tà wọ́n ṣe ń sọ lọ. Sípíkà àti páálọ̀ ló ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Onítúùbù nìkan, ìyẹn èyí tó ń lo túùbù onígíláàsì, ni mo máa yọ sílẹ̀, torí ohùn tirẹ̀ máa ń yí padà bí sípíkà bá ṣe rí.

Kí ẹ tó dá a padà tàbí san owó, ẹ jẹ́ kó kọrin fún wákàtí méjì, kí ẹ gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Kó gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ kan gbóná ju èkejì lọ, ẹ gbé e padà fún ọlọ́jà. Bí méjèèjì bá dọ́gba létí yín, ẹ ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, kí ẹ fi ìyókù wá sípíkà.