Bí a ṣe ń fi decoder sínú ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì méjì bá wà lójú irin kan náà, tí ẹ bá ti yí bọ́tìnnì, àwọn méjèèjì ló máa gbéra. Ètò DCC (Digital Command Control, ìyẹn fífi àṣẹ onídíjítà darí ẹ́ńjìnnì), tí ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ṣe, tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, sì sọ di ìlànà, ló yanjú rẹ̀. Iná kì í kúrò lójú irin mọ́, àṣẹ ń bá iná náà rìn, decoder, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, sì ń dáhùn kìkì bí a bá pe nọ́ńbà tirẹ̀.

Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó sáré lórí iná DC ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń kọsẹ̀, ẹ nu ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Decoder kò wo àìsàn yẹn. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mú díẹ̀ péré, kí ẹ wo iye amp tí mítà kà. Decoder tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè gbé ju iyẹn lọ.

Bí ojú ìkì oníhò mẹ́jọ bá ti wà nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn ki decoder bọ̀ ọ́. Ó parí.

Bí kò bá sí, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ojú méjèèjì tí iná ń gbà wọ ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú irin tàbí ara irin ẹ́ńjìnnì rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọ̀kan kàn án. Ẹ fi mítà dán an wò; bó bá ké, ẹ má tíì so nǹkan kan. Mo ti jó decoder kan báyìí rí, òórùn rẹ̀ kò kúrò ní yàrá títí di alẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wáyà. Pupa lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, dúdú sí òsì. Aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ eérú lọ sí ẹ̀rọ. Funfun ni iná iwájú, yẹ́lò ni ti ẹ̀yìn, búlúù sì ni àwọn iná méjèèjì jọ ń lò.

Ẹ má gbé e sójú irin ńlá. Ojú irin ìṣètò, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún títo decoder, ni kẹ́ ẹ fi sí, torí iná tó kéré ló wà níbẹ̀, àṣìṣe kò sì ní pa á. Nọ́ńbà tó máa ń bá decoder tuntun wá ni 3. Ẹ yí i padà ní CV1 (CV ni àyè tí decoder ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí), kí ẹ fi CV3 àti CV4 jẹ́ kó máa gbéra, kó sì máa dúró wọ́ọ́rọ́.

Kó tó bọ́ sójú irin ńlá, ẹ fi owó ẹyọ dábùú irin méjèèjì níbi púpọ̀. Ẹ̀rọ ìdarí gbọ́dọ̀ já iná kíá. Níbi tí kò bá ti já a, wáyà ibẹ̀ kò tó. Ẹ fi kún un.