Ìdí ọkọ̀ fáíbà wa tó ń mì l'Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ fáíbà tí bàbá mi fi ń pẹja ti gbó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, ìdí ọkọ̀ tí a so ó mọ́ á máa mì. Mo fi òòlù kan ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀: òkè ń dún ko-ko, ìsàlẹ̀ ń dún bọ̀bọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti rà. Ojú ihò bóòtù, irin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ni omi gbà wọlé, plywood inú rẹ̀ ti jẹrà.

Mo gé fáíbà inú kúrò, mo ha igi jíjẹrà dànù, mo wá jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lábẹ́ tápólì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbí. Resin, àtè olómi tí a fi ń lẹ fáíbà, kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù.

Kí n tó lẹ fáíbà tuntun bo plywood tuntun, mo ha etí ti àtijọ́ ní dagẹrẹ, ó fẹ̀ tó ìlọ́po 12 nínípọn rẹ̀, kí tuntun lè rí ibi dì mú. Mi ò jẹ́ kí hardener, èròjà tí a ń pò mọ́ resin kó lè le, ju 1% resin náà lọ nítorí oòrùn wa: bó bá pọ̀, resin á gbóná jù, á sì sán.

Ihò bóòtù ńkọ́? Mo lu ú tóbi, mo fi epoxy, àtè líle tí omi kì í wọ̀, dí i pa, mo tún lu ihò tuntun sáàárín epoxy náà. Omi ò kan igi mọ́. Ẹ́ńjìnnì ti padà sípò, ìdí ọkọ̀ dúró gbọin.