Ẹ Kọ́kọ́ Jókòó ti Ìyá Àgbà Kí Ẹ Tó Lọ Ka Ethnic Studies

Àbúrò mẹ́ta ló ti bi mí lóṣù yìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí mo ṣe ka Ethnic Studies, ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àti ìgbé ayé àwọn ẹ̀yà kan ní Amẹ́ríkà, ní kọmúnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ní Kalifóníà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni olùkọ́ ní kí kálukú wá sọ bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Àwọn tí òbí wọn wá láti Mẹ́síkò sọ tiwọn, ọmọ Filipínì sọ tirẹ̀. Èmi ọmọ Ajílété, bí Ògúnlọlá ṣe pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni mo lè sọ, èyí tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀. Ti agboolé wa ńkọ́? N kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyá àgbà ní Òkè Ẹlẹ́rin. Nígbà òtútù, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ mi, aago méje àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ kì mí, "Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn," wọn á wá sọ bí ogun ṣe tú Ìkòyí ká, tí àwọn baba wa fi sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àròkọ mi tó dáa jù lọ́dún yẹn, inú ìpè wọ̀nyẹn ló ti jáde. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà nítòsí, ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sórí fóònù.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀yà ayé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ o. Mẹ́rin ni òpó rẹ̀: àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà, àti àwọn Látínò. Ìjà ló bí i. Ní November 6, 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì San Francisco State ní Kalifóníà daṣẹ́ sílẹ̀ títí di oṣù kẹta 1969, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ fún wọn. Òfin tí Kalifóníà ṣe ní 2020 wá sọ ọ́ di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ California State University láti ka kọ́ọ̀sì kan, yúnìtì 3, nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lo ọdún méjì níbẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí yunifásítì, ẹ wo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lórí ASSIST, ìkànnì tó ń sọ kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yunifásítì ìjọba Kalifóníà máa gbà, kí ẹ tó sanwó. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì kan fi dá mi lójú pé yunifásítì máa gba kọ́ọ̀sì kan, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Wọn ò gbà á. Owó lọ, sáà kan lọ pẹ̀lú rẹ̀. Owó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sì ju ti ọmọ ìlú wọn lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, lẹ ní, yúnìtì 12 ó kéré tán ni kí ẹ mú ní sáà kan, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn.

Ìwé kíkà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má kó kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin pọ̀. Ẹ fi kọ́ọ̀sì ìṣirò là wọ́n láàárín.

Èyí tó nira fún mi jù ni ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé wa, ọmọdé kì í já àgbà ní koro lójú ènìyàn. Níbẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kò kàwé wá ni. Mo wá ń kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ lálẹ́ kí n tó lọ, pẹ̀lú ojú ìwé tó ti wá, màá sì tètè bi í kí àyà tó já mi. Ẹ tún lọ rí olùkọ́ ní wákàtí tó fi ń jókòó de akẹ́kọ̀ọ́, láti ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi pè é ní "Mà" títí mo fi parí, kò bínú.

Apá kan wà nínú oríkì wa tí Ìyá ní kì í ṣe ti inú ìwé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́, mo fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.