Bí ẹ ṣe lè fi ojú tó dára wo alámì mẹ́ta nínú bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá jókòó wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ má tètè máa ka alámì mẹ́ta tó wọlé, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn ìlà tó yí iwájú àwọ̀n ká, tó ń mú àmì mẹ́ta wá. Iye tí wọ́n jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe rí àyè ju ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi bírò àti ìwé pélébé wo ìdíje yìí. Ohun tó dá mi lójú jù ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá lè pinnu irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jù, àmọ́ kò sí bó ṣe lè pinnu èyí tó máa wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí ná. Ẹni tó ju alámì méjì 100, tí 50 wọlé, àmì 100 ló ní. Ẹni tó ju alámì mẹ́ta 100, tí 35 péré wọlé, àmì 105 ló ní. Ẹni tó tàsé jù ló gba àmì jù! Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ Alabama, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Nate Oats, fi ń wá ibi méjì ṣáá: abẹ́ àwọ̀n gan-an, tàbí ẹ̀yìn ìlà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti àárín, tó jìnnà síbẹ̀ tó jẹ́ àmì méjì péré, òfò ni lójú wọn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ẹ mọ ọdún tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹnì kan wé ẹnì kan. Sáà 1986-87 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fa ìlà náà fún gbogbo ẹgbẹ́ ọkùnrin, ní ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 9 sí àwọ̀n. Ní òpin sáà yẹn gan-an, Steve Alford ju alámì mẹ́ta 10 fún Indiana nínú àṣekágbá, 7 wọlé, wọ́n sì na Syracuse, 74 sí 73. Wọ́n sún ìlà sẹ́yìn ní 2008, wọ́n tún sún un ní 2019, ó wá lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 22. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlà kan náà ní sáà 2021-22.

Iṣẹ́ gidi wá kù, ìyẹn ni pé kí ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ jù ni kí ẹ máa wò kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, tí orúnkún ti tẹ̀ díẹ̀, tí ọwọ́ ti là sílẹ̀, ìjù tó dára nìyẹn, kódà bó bá ta irin. Bó bá jẹ́ pé ó gbá a mọ́lẹ̀ títí, tó wá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà lójú rẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sí ìjù burúkú bó tilẹ̀ wọlé. Irú èyí máa ń pọ̀ nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí wọ́n fún ẹgbẹ́ láti jù bá fẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé, níbo ni bọ́ọ̀lù náà ti wá? Inú ni alámì mẹ́ta tó dára jù ti máa ń wá. Ẹnì kan á já wọ abẹ́ àwọ̀n, àwọn tó ń dènà á ya bò ó, òun á sì sọ ọ́ jáde fún ẹni tó dúró sí igun. Igun yẹn sún mọ́ àwọ̀n díẹ̀ ju iwájú lọ, nítorí ìlà náà tọ́ gbọọrọ níbẹ̀. Ní 2018, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Villanova ju 40 lu Kansas, 18 wọlé. Àwọn ọmọ wọn tó tóbi, Eric Paschall àti Omari Spellman, náà ń jù láti ẹ̀yìn ìlà. Ẹni tó tóbi jù ní Kansas kò wá lè fara balẹ̀ dúró sábẹ́ àwọ̀n.

Ìdí tí mi ò fi ń fi iye tó wọlé dájọ́ nìyí. Ní oṣù kẹta 2025, Alabama ju 25 wọlé nínú 51 lu BYU, 113 sí 88. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Duke na ẹgbẹ́ kan náà, 85 sí 65. Ní 2022, Houston ju 20 lọ́wọ́ Villanova, ẹyọ kan péré ló wọlé, síbẹ̀ àmì mẹ́fà péré ni Villanova fi na wọ́n, 50 sí 44.

Ẹ máa wo ẹni tó ń dènà pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ sáré dé, kó sì dúró. Ẹni tó bá fò lu ẹni tó ń ju alámì mẹ́ta ti fún un ní ìjù ọ̀fẹ́ mẹ́ta. Bí Virginia ṣe bọ́ lọ́wọ́ Auburn ní 2019 nìyẹn: ó ku ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá àti díẹ̀, Virginia fi àmì méjì wà lẹ́yìn, ọmọ Auburn kan lu Kyle Guy ti Virginia bó ṣe ń jù, ó sì fi gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Àwọn ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún náà.

Nígbà tí aago bá fẹ́ tán, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọ pápá láti ẹ̀yìn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ní àṣekágbá 2016, Marcus Paige ti North Carolina ti fi alámì mẹ́ta mú kí wọ́n bá Villanova dọ́gba, 74 sí 74, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 4.7. Kris Jenkins ti Villanova ju bọ́ọ̀lù sí Ryan Arcidiacono, ó wá rọra ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé e. Arcidiacono fà á fún un, Jenkins dúró, ó jù ú: 77 sí 74. Ẹ wá fídíò rẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan fún bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì tún un wò fún ẹsẹ̀ Jenkins nìkan.