Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Kíkà àti Ìròpọ̀: Ìbéèrè Akọ̀wé Ọjà kan ní Àbújá

Ìbéèrè: Akọ̀wé ni mí nílé ìtajà sìmẹ́ńtì kan ní ọjà Dei-Dei, lálaalẹ́ ni mo sì ń kọ iye ọjà wa ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ "The amount of bags is 125", wọ́n ní kò tọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àṣìṣe ibẹ̀?

Ìdáhùn: "Amount" ni kò bá àpò mu. Ohun tó ń fa ìṣòro yìí ni pé "iye" kan náà ni àwa ń lò fún àpò àti fún owó, nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àpò, páànù tàbí ènìyàn, "number" ló ni ín. Èyí tí a kì í kà bẹ́ẹ̀, bí omi, yanrìn àti owó, "amount" ló ni ín. Yanrìn tí wọ́n dà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ "amount of sand", ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ típà tó gbé e wá ni ẹ ń kà, "number of tippers" ni ẹ óò kọ. Owó náà rí bẹ́ẹ̀: "amount of money" ni, àfi tí ẹ bá ń ka owó bébà ní ẹyọ ẹyọ, tí ó fi di "number of notes". Nítorí náà, "The number of bags is 125" ló tọ́. Ẹ kíyè sí i pé "a number of" yàtọ̀, "mélòó kan" ni ìtumọ̀ rẹ̀, "are" ló sì ń tẹ̀ lé e: "A number of bags are torn."

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni "count" àti "add"?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó ń "count" ń ka àpò láti orí ẹyọ kan dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń "add" ti ní iye méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́, ó wá ń rò wọ́n pọ̀. Bí àpò 45 bá wọlé láàárọ̀, tí 30 wọlé lọ́sàn-án, tí 50 sì wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ ó "count" lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó "add up" iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Add up to" ni a fi ń sọ èsì rẹ̀: "The three deliveries add up to 125 bags." Iṣẹ́ "calculate" gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó kó ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín mọ́ra.

Ìbéèrè: "Sum" àti "total" ńkọ́?

Ìdáhùn: 125 yẹn jẹ́ "sum" nítorí pé ìròpọ̀ ló bí i, ó sì jẹ́ "total" nítorí pé òun ni gbogbo àpò tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ kàn kà á, "total" nìkan ló bá a mu. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òun ló dára jù fún iṣẹ́ yín. "The sum of ₦50,000" tí ẹ máa ń rí lórí rìsíìtì ń tọ́ka sí owó tí wọ́n san, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ro nǹkan kan pọ̀. Ẹ má sì kọ "sum up" nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ro owó pọ̀, nítorí ṣíṣe àkópọ̀ ọ̀rọ̀ ní ṣókí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kà á sí. "Please add up these figures" ni kí ẹ kọ.