Bí mo ṣe mú ayédèrú kúrò láàárín àgbàdo haploid
Mo fi akọ àgbàdo kan tó ń mú haploid jáde, tó sì ń fún ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, gun àgbàdo ìyá. Mo wá ṣa irúgbìn tí òkè rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, tí ọlẹ̀ inú rẹ̀ sì funfun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá haploid mọ̀, ìyẹn àgbàdo tó ní krómósómù (okùn tó ń gbé àbùdá) 10 péré, dípò 20. Mo gbìn wọ́n, ọ̀pọ̀ ga fíofío, ewé wọn fẹ̀ gbàràgàdà. Haploid kì í rí bẹ́ẹ̀; ayédèrú ni wọ́n! Àṣé àgbàdo ìyá wọn ní jíìnì tó ń pa àwọ̀ ọlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí èyí tí kì í ṣe haploid náà fi funfun.

Mo wá lo akọ mìíràn, èyí tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní gbòǹgbò pupa. Mo wé irúgbìn sínú bébà tútù. Ní ọjọ́ kẹrin, gbòǹgbò haploid funfun báláú, ti àwọn yòókù pọ́n bí osùn. Inú mi dùn jọjọ. Àwọn funfun yẹn nìkan ni mo rẹ sínú colchicine, kẹ́míkà kan, kí krómósómù wọn lè di ìlọ́po méjì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, májèlé ni.