Bí A Ṣe Ń Fi Ìka Wá Ojú Ibi Títẹ̀ ní Ọwọ́, àti Ohun Tó Wà Lábẹ́ Awọ Níbẹ̀

Ìyá kan tó ń gún iyán tà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣàlàyé nǹkan yìí títí di òní. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ro wọ́n. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí wọ́n lè máa tọ́jú ọwọ́ náà fúnra wọn lálẹ́. Mo mú ìka ọwọ́ òsì wọn, mo gbé e sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ tó ń dùn wọ́n, mo ní kí wọ́n máa rìn ín kiri díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rìn ín síwájú, wọ́n rìn ín sẹ́yìn. Ni wọ́n bá dúró. "Ó rì síbí, ọmọ mi. Ìka mi rì."

Ibi tí ìka bá ti rì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa.

Bí ẹ bá ti rí àwòrán ọwọ́ tí àwọn tó ń ṣe akupọ́ńṣọ̀, ìyẹn ìtọ́jú alábẹ́rẹ́ tó ti Ṣáínà wá, máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ó ti rí i pé àmì ojú ibi tí wọ́n ń gún tàbí tí wọ́n ń tẹ̀ ló kún un, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sórí ẹran. Ó máa ń jọ pé wọ́n kàn wọ́n ọn síbẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi 361 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tò sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, egungun, okùn iṣan àti ìlà ara ni wọ́n sì fi júwe ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ ọwọ́ ara rẹ̀ kò ní máa wá àwòrán kiri. Títẹ̀ ni mo sì ń wí o, kì í ṣe gígún. Abẹ́rẹ́ jẹ́ ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, tó ń tú abẹ́rẹ́ tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. "Iṣan" ni a ń pe nǹkan mẹ́rin nínú èdè wa. Ẹran apá tó ki, a ní iṣan ni. Ohun tó yọ bí okùn lọ́rùn ọwọ́, iṣan. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wá kó tó fa ẹ̀jẹ̀, iṣan. Èyí tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. Ní ọwọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìtòsí ara wọn, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè fara pa. Nítorí náà, níhìn-ín, ẹran ni mo ń pe èyí tó ń sún kì. Okùn ni èyí tó so ẹran mọ́ egungun. Òpó ẹ̀jẹ̀ ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nááfù ni èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ, tó sì ń gbé àṣẹ bọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ

Ẹ gé èékánná yín. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ sókè. Ó máa bá ìka yín wá, ó sì máa padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àtẹ́lẹwọ́. Kò ní gbà fún yín.

Ìdí ni pé aṣọ funfun líle kan tẹ́ sábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìdí àwọn ìka, ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-rín ló sì so awọ mọ́ ọn pinpin. Bí kò bá sí aṣọ yìí, awọ ọwọ́ ì bá máa bá ọmọ odó yí nígbà tí a bá ń gúnyán. Awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn, kò ní irun, ihò òógùn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́ ní tirẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀, egungun kò sì jìnnà. Agbára tí ẹ ó fi tẹ àtẹ́lẹwọ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀yìn ọwọ́.

Ẹ wá yí ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ nípa ibi tí awọ pupa ti pàdé awọ funfun, torí orí ààlà yẹn ni ojú ibi mélòó kan wà. Ọwọ́ tiwa ni ààlà náà ti hàn jù lọ: ibi tí dúdú ẹ̀yìn ọwọ́ ti parí, tí pupa àtẹ́lẹwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi máa ń dùn púpọ̀ bí mo bá ń fi èyí han àwọn èèyàn wa, torí àwòrán tí wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà ti wà lára wọn láti inú oyún. Ẹ tẹ̀ lé ààlà yẹn ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò. Bí ẹ bá dé àárín egungun gígùn tó wà ní ìdí àtàǹpàkò, ẹ ti dé ojú ibi tí wọ́n ń pè ní Yuji, tó túmọ̀ sí ààlà ẹja, nítorí òkìtì ẹran ìdí àtàǹpàkò jọ ẹja lójú wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ẹ ká ọwọ́ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́: ìlà kan máa yọ lẹ́yìn kókó ìdí ìka náà. Ibi tí ìlà yẹn parí sí lórí ààlà ni Houxi. Ẹran tó ń ya ọmọńdinrín kúrò lára àwọn yòókù ni ẹ ń tẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ka egungun

Egungun 27 ló wà ní ọwọ́ kan. Mẹ́jọ wẹ́wẹ́ ló kó ara wọn jọ sí ọrùn ọwọ́ bí ọmọ ayò nínú ojú ọpọ́n. Márùn-ún gígùn ló la àárín ọwọ́ kọjá. Mẹ́rìnlá ló kù fún ìka, méjì fún àtàǹpàkò, mẹ́ta mẹ́ta fún àwọn yòókù. Àwọn márùn-ún gígùn yẹn ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Ẹ gbé ìka lé ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ fà á ní ìbú láti ìhà àtàǹpàkò lọ sí ìhà ọmọńdinrín. Ẹ ó gun egungun, ẹ ó já sí kòtò, ẹ ó tún gun egungun. Kòtò mẹ́rin ni. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú wọn, kòtò tó sì fẹ̀ jù, tó jìn jù, ni ti àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá.

Kòtò ńlá yẹn ni Hegu, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àfonífojì tó pàdé. Ibẹ̀ ni ìka ìyá oníyán ti rì.

Ẹ lẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá gírígírí. Òkìtì ẹran kan á yọ lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ gbé àtàǹpàkò ọwọ́ kejì lé góńgó òkìtì yẹn, kí ẹ sì tú ọwọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó rọ̀. Ẹ wá sún ìka yín mọ́ egungun gígùn ìfábẹ̀lá, ní nǹkan bí àárín gígùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni.

Kí ló wà níbẹ̀? Awọ fẹ́lẹ́ kọ́kọ́ wà, pẹ̀lú ẹ̀ka kéékèèké nááfù tó gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò wá, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nǹkan kan yín lẹ́yìn ọwọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹran tó ń fa ìfábẹ̀lá sọ́dọ̀ àtàǹpàkò. Lábẹ́ ìyẹn, ẹran mìíràn tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tó ń fa àtàǹpàkò wá sí àtẹ́lẹwọ́. Òun ló ń ṣe wàhálà jù nígbà tí ẹ bá di ọmọ odó, àdá tàbí sísọ́ọ̀sì télọ̀ mú. Ẹni tó bá ti dúró níwájú alápatà ti rí awọ funfun fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ẹran kan àti èkejì, tí ọ̀bẹ máa ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Irú rẹ̀ wà láàárín ẹran méjèèjì yìí nínú ọwọ́ yín. Ojú ọ̀nà ni: ẹran kan ń yọ̀ lórí èkejì níbẹ̀, nááfù àti òpó ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gba irú ibẹ̀ kọjá.

Helene Langevin àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà wo èyí fínnífínní. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2002, wọ́n fi ojú ibi akupọ́ńṣọ̀ tó wà ní apá wé apá òkú tí wọ́n gé ní ìpele-ìpele, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí orí awọ funfun yẹn, yálà èyí tó wà láàárín ẹran méjì tàbí èyí tó wà nínú ẹran kan náà. Òun àti àwọn mìíràn ti fi hàn ṣáájú pé bí a bá ń yí abẹ́rẹ́ nínú ara, fọ́nrán awọ yẹn á máa wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú, á sì dì í mú. Èyí kò fi hàn pé akupọ́ńṣọ̀ ń wo gbogbo àrùn. Ní ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìrora, ìyàtọ̀ àárín abẹ́rẹ́ tí a gún sí ojú ibi gan-an àti èyí tí a kàn gún sí ìtòsí kì í pọ̀. Èmi kò tíì rí ọ̀nà agbára tí wọ́n ń sọ pé ó so àwọn ojú ibi pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tó rẹ̀, tó le gbagidi, tó tú lẹ́yìn títẹ̀, mò ń fi ọwọ́ ara mi bá a pàdé lójoojúmọ́.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: àtàǹpàkò lókè, ìfábẹ̀lá lábẹ́, bí ẹni fẹ́ já èèpo ẹ̀pà. Ẹ darí agbára sí egungun ìfábẹ̀lá, ẹ má fún etí awọ tó wà ní àárín ìka méjèèjì, torí kò sí ẹran gidi níbẹ̀. Ẹ fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìrora kan tó wúwo, tó ń ro rinrin, tó sì ń tàn ká. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ mí sínú, kí ẹ mí síta ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó. Bí ó bá ta gìrì bí iná mànàmáná, nááfù lẹ tẹ̀. Ẹ sún kúrò. Bí ohun kan bá ń lù kìkì lábẹ́ ìka yín, ẹ ti lọ sẹ́yìn jù, síhà ibi tí egungun méjèèjì ti pàdé: òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá máa ń rì wọ inú àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀.

Ohun méjì sí i nípa Hegu. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ akupọ́ńṣọ̀ kì í fọwọ́ kàn án lára aláboyún, ẹ̀yin náà ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọwọ́ ẹnì kan tí ibẹ̀ ti jìn wọlé láìtẹ̀ ẹ́, tí egungun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò gbígbẹ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Nááfù tó ń fún ẹran méjèèjì yẹn lágbára gba ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín wọ ọwọ́, láti ẹ̀yìn ìgúnpá wá. Bí nááfù yẹn bá ní ìpalára, tàbí tí ẹ̀tẹ̀ bá mú un, ẹran ibẹ̀ á gbẹ. Ilé ìwòsàn ni ti ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọrùn ọwọ́

Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ fi ìka mẹ́ta lélẹ̀ ní ìbú láti orí ìlà ọrùn ọwọ́ sí ọ̀nà ìgúnpá. Ẹ wá pa orí àtàǹpàkò àti orí ọmọńdinrín pọ̀, kí ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀. Okùn méjì á yọ láàárín apá. Neiguan wà ní àárín wọn, ní ibi tí ìka kẹta parí sí. Bí ó bá jẹ́ okùn kan péré lẹ rí, ẹ má fòyà: àwọn kan wà tí a kò bí okùn tó wà láàárín mọ́, ọwọ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ okùn tó yọ, síhà ọmọńdinrín, ni kí ẹ lò.

Èyí ni ojú ibi tí ìwádìí gbè lẹ́yìn jù lára gbogbo èyí tí mo dárúkọ. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n gún un fún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, inú ríru àti èébì wọn dínkù. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, kí ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní gáréèjì. Jẹ́ẹ́ ni mo wí, nítorí nááfù ńlá tó ń sìn àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. Télọ̀ kan wá bá mi tó ti fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún ibẹ̀ lẹ́yìn tó wo fídíò lórí fóònù. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé iná gbé òun títí dé orí ìka àárín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kò fi lè mọ orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó ń jẹun nídìí rẹ̀ ni. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá rántí.

Láti ibẹ̀, nááfù yìí àti okùn mẹ́sàn-án ń gba ihò tóóró kan ní ọrùn ọwọ́ wọ àtẹ́lẹwọ́. Bí ìka mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ń kú tàbí tó ń ta ṣìn-ìn lóru títí ẹ fi ń jí gbọ̀n ọ́n, ihò yẹn ló ṣeé ṣe kó fún nááfù náà pọ̀. Ẹ lọ rí dókítà. Títẹ̀ kò ní là á.

Laogong, ti àárín àtẹ́lẹwọ́, rọrùn: ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ibi tí orí ìka àárín bá kàn ni. Aṣọ funfun líle yẹn bo ibẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi kókó ìka tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó apá Oǹdó tó ń fọ́ kòkó láti àárọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ẹ má tẹ ọwọ́ tó wú, tó ní egbò, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú lé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ gbígbóná mọ́, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n bi dókítà wọn ná.

Bí ẹ bá ti rí ojú ibi kan, ẹ fi bírò sàmì sí i, ẹ fọ̀ ọ́ nù, kí ẹ tún wá a lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú dídì. Lẹ́yìn náà ẹ wá a lára ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ìka mẹ́ta lọ́rùn ọwọ́ ọmọdé, ìka ọmọ náà ni kí ẹ tò síbẹ̀, kì í ṣe tiyín.